Eré Adẹ́rùbani Tó Ń Pani Lẹ́rìn-ín: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò?

Bí mo bá sọ pé mo fẹ́ràn fíìmù tí orí ti ń já bọ́ lọ́rùn, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya bí òjò, tí gbogbo ilé sì ń rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wọ́n, ojú àwọn kan máa ń yí padà. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí wọ́n á fi béèrè pé, "Ó dáa, èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bọ́ sórí èyí tí kò bá a lára mu kì í sábà padà wá gbìyànjú òmíràn, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí irú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti sá fún eégún rí nígbà èwe á tètè lóye ohun tí mò ń sọ. Àwọn ọmọ á sún mọ́ eégún, wọ́n á kọrin sí i, eégún á ju pàṣán, gbogbo wọn á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n á máa ké, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín nínú igbe náà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ẹ̀rù parí sí tí ẹ̀rín sì ti bẹ̀rẹ̀. Bí eégún bá kọ ẹ̀yìn sí wọn báyìí, àwọn ọmọ kan náà á tún tọ̀ ọ́ lọ.

Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe irú fíìmù tí mò ń sọ yìí, àṣejù sì ni ẹwà rẹ̀. Níbi tí fíìmù mìíràn bá ti kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀, èyí á da garawa kan. Mo gbà pé àìlówó yẹn gan-an ló bí adùn rẹ̀. Tí owó bá pọ̀, kọ̀ǹpútà á ya ohun gbogbo, á dán, ojú ò sì ní rí ọwọ́ tó ṣe é. Tí owó ò bá sí, ẹnì kan ní láti po ṣúgà mọ́ àwọ̀ pupa, ẹnì kan ní láti wọnú aṣọ rọ́bà kó máa làágùn, ẹnì kan ní láti dùbúlẹ̀ sábẹ́ pákó kó máa fi okùn fa orí àtọwọ́dá. À ń rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. A mọ̀ pé irọ́ ni, síbẹ̀ a fò sókè lórí àga. Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e sún mọ́ àtẹ́wọ́ tí àwọn èèyàn máa ń pa fún onídán lójú agbo.

Ohun tí màá fi wọ̀n wọ́n

Fíìmù márùn-ún ni màá gbé yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni owó: iye tí àwọn tó ṣe fíìmù náà ní lọ́wọ́, àti ohun tí ọgbọ́n fà yọ nínú rẹ̀. Èkejì ni bóyá fíìmù náà ṣeé fọkàn tán. Ṣé á gbé yín dé òpin, àbí á sú yín láàárín ọ̀nà? Fíìmù irú èyí pọ̀ tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló dùn níbẹ̀, ìyókù kò ju kí àwọn èèyàn jókòó sínú yàrá máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ àti ohun ìríra, torí inú ò jọra. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bá wò ó, òun ni mo sì kà sí jù. Èyí tó máa mú kí ọ̀rẹ́ márùn-ún máa yí gbiri lórí kápẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ èyí tí ẹ ò ní fẹ́ kí màmá yín bá lórí tẹlifíṣọ̀n.

Irú kan wà tí mi ò kà mọ́ wọn. Àwọn fíìmù kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láìdáa kí àwa lè fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Sharknado tí ilé iṣẹ́ The Asylum ṣe fún tẹlifíṣọ̀n Syfy ní 2013 ni ọ̀pọ̀ mọ̀ jù nínú wọn: ìjì líle gbé ẹja ekurá láti inú òkun, ó dà wọ́n sórí ìlú Los Angeles. Tí ẹ bá ti gbọ́ àlàyé yẹn, ẹ ti gbọ́ ẹ̀fẹ̀ náà tán. Àwọn márùn-ún tí mo mú wá síbí yàtọ̀, torí àwọn tó ṣe wọ́n fẹ́ kó dáa dé ibi tí agbára wọn mọ. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbó, bí àwọn kan nínú wọn ṣe ti tó nǹkan bí ogójì ọdún.

Evil Dead II (1987)

Sam Raimi àti Bruce Campbell ti ń ṣe fíìmù kéékèèké pọ̀ láti ilé ìwé girama ní ìpínlẹ̀ Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe The Evil Dead, èyí tó ṣáájú, wọ́n kọ́kọ́ ṣe fíìmù kúkúrú kan, wọ́n sì ń gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò àti dókítà eyín láti fi wá owó. Nǹkan bíi 375,000 dọ́là ni wọ́n rí kó jọ. Wọ́n gba inú igbó lọ sí ahéré àtijọ́ kan nítòsí Morristown, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Wọn ò lówó ẹ̀rọ tó ń mú kámẹ́rà rìn geere, ni wọ́n bá de kámẹ́rà mọ́ àárín pákó gígùn kan, ẹni méjì gbá pákó mú lápá ọ̀tún àti apá òsì, wọ́n sì sáré gba inú igbó já. Lójú àwa tá à ń wò ó, ẹ̀mí àìrí kan ló ń já bọ̀ láàárín àwọn igi yẹn. Mo ti wo fíìmù tí wọ́n fi ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là ṣe tí kò ní ohun kan tó tó pákó yẹn.

Ẹ̀rù ló pọ̀ nínú ti àkọ́kọ́ yẹn. Èkejì ni mo ń dábàá. Ònkọ̀wé Stephen King ló bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ Dino De Laurentiis, ẹni tó máa ń náwó lé fíìmù, tó wá fún wọn ní owó tó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 3. Ẹ ò nílò láti wo ti àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó wò ó, torí wọ́n tún ìtàn náà sọ kíákíá níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Ash àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ lọ lo ìsinmi nínú ahéré. Wọ́n rí ẹ̀rọ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti gba ohùn ara rẹ̀ sí, níbi tó ti ń ka ọ̀rọ̀ inú ìwé àtijọ́ kan sókè. Yorùbá mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá pe ọfọ̀ tí kò mọ èrò rẹ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, eré di ti Bruce Campbell nìkan. Ọwọ́ ara rẹ̀ gbógun tì í: ó ń fọ́ àwo mọ́ ọn lórí, ó ń fà á nírun, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ó bá fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì, irú èyí táwọn agégẹdú ń lò, gé e kúrò. Ó fi garawa bo ọwọ́ náà mọ́lẹ̀, ó sì to ìwé lé e lórí kó má bàa jáde. Èyí tó wà lókè pátápátá ni ìwé Hemingway tó ń jẹ́ A Farewell to Arms. Àwọn tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á rí i pé ó tún lè túmọ̀ sí "Ó dìgbóṣe o, apá mi." Kámẹ́rà kì í dúró lórí ìwé yẹn pẹ́. Wọn ò kúkú fi tipátipá mú wa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rí i, ó rí i.

Inú ilé eré ìdárayá ilé ìwé kan ní Wadesboro, ìpínlẹ̀ North Carolina, ni wọ́n kọ́ inú ahéré náà sí. Ted, àbúrò Sam Raimi, ló wọ aṣọ rọ́bà ìyá arúgbó tó di ànjọ̀nú, ooru sì mú un débi pé òógùn ń dà jáde lára aṣọ náà. Bí ẹ bá fojú sílẹ̀, ẹ máa rí i tí omi ń kán nígbà tí ìyá náà ń yí lókè.

Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú 84 lọ, kò sì sí ibi tó ti ń falẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ òmíràn dúdú, òmíràn sì láwọ̀ ewé, ìyẹn ni kò jẹ́ kó rí ni lára bí ẹ̀jẹ̀ gidi. Àléébù rẹ̀ kan ni pé àwọn mẹ́rin tó wá bá Ash nínú ahéré náà kò ní ìwà tó dúró, kí wọ́n ṣáà lè kú ni wọ́n ṣe wá.

Bad Taste (1987)

Peter Jackson ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Wellington, lórílẹ̀-èdè New Zealand, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù yìí. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe é, ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní abúlé ẹ̀bá òkun tó ti dàgbà, Pukerua Bay. Inú ófùnù tí ìyá rẹ̀ fi ń se oúnjẹ ló ti yan àwọn ìbòjú rọ́bà tí ẹ máa rí. Ó fúnra rẹ̀ kan irin tó ń gbé kámẹ́rà sókè. Nígbà tí iṣẹ́ ti rìn jìnnà ni àjọ ìjọba tó ń rí sí fíìmù lórílẹ̀-èdè wọn tó fún un lówó tó fi parí rẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ: àwọn ẹ̀dá láti ojú ọ̀run wá pa gbogbo ará ìlú kékeré kan, wọ́n fẹ́ fi ẹran ara èèyàn ṣe oúnjẹ títà, àwọn ọkùnrin mélòó kan sì dìde sí wọn. Jackson kó ipa méjì. Ó jẹ́ Derek, tí agbárí rẹ̀ là lẹ́yìn tí ọpọlọ sì ń já bọ́, tó wá fi bẹ́líìtì di orí rẹ̀ pọ̀. Ó tún jẹ́ Robert, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dá náà. Àwọn méjèèjì jà ní etí bèbè òkè. Ìyẹn ni pé Jackson ń bá Jackson jà, ọ̀kan nírùngbọ̀n, èkejì ò ní.

Màá sọ òótọ́ nípa èyí: àárín rẹ̀ máa ń falẹ̀. Wọ́n ń yìnbọn, wọ́n ń sáré, wọ́n tún ń yìnbọn, ó sì hàn pé àwọn ọ̀rẹ́ tó ń ṣe é kì í ṣe òṣèré. Ẹni tó kàn fẹ́ fi alẹ́ kan najú lè sùn lọ kó tó dé òpin. Àmọ́ bí ọ̀dọ́ kan bá wà nílé yín tó ń fi fóònù ya fíìmù pẹ̀lú àwọn ojúgbà rẹ̀, kò sí èyí tó wúlò fún un tó báyìí. Ẹni tó yan ìbòjú nínú ófùnù ìyá rẹ̀ ni fíìmù rẹ̀ gba Oscar 11 lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 2004.

Braindead (1992)

Jackson kan náà ni, ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, owó ti gòkè díẹ̀, ọgbọ́n sì ti gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi fẹ́ràn èyí ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Màá gbìyànjú kí n má jẹ́ kí ìfẹ́ yẹn bo àwọn ibi tó le nínú rẹ̀.

Ọdún 1957 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀, ní Wellington. Lionel ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nínú ilé ńlá kan, ìyá náà sì ti gba gbogbo ayé rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lionel rí ọmọbìnrin kan tó wù ú, Paquita, wọ́n jọ lọ sọ́gbà ẹranko. Ìyá tọpa wọn lọ láti ṣọ́ wọn, ibẹ̀ ni ẹranko kan tó jọ eku tó tún jọ ọ̀bọ, tí wọ́n mú wá láti erékùṣù kan nítòsí Sumatra, ti gé e jẹ. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà lójú ayé. Ó kú, ó dìde, ebi sì ń pa á. Lionel ò lè pa ìyá rẹ̀. Abẹ́ ilé ló tì í mọ́, ó ń fún un lóògùn oorun, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ẹni tí ìyá náà bá gé jẹ á di òkú tó ń rìn, ó di pé kí Lionel tún mú ìyẹn náà wọlé.

Àkúdàáyà tiwa á lọ sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, á ṣòwò, á fẹ́yàwó, ẹnikẹ́ni ò sì ní fura. Òkú inú fíìmù yìí kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀, tábìlì oúnjẹ ló kọrí sí. Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára ni ọmọ tó ń bo àbùkù ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí kí aládùúgbò má bàa gbọ́. Nínú ilé Yorùbá, ta ni kò mọ ìyẹn? Ẹ̀rín wà nínú rẹ̀, àmọ́ egungun ìtàn náà lágbára, ìdí nìyẹn tó fi lè ru gbogbo àṣejù tí wọ́n dì lé e lórí.

Àṣejù náà sì pọ̀ o. Nígbà tí àríyá kan bẹ̀rẹ̀ nínú ilé náà lápá ìkẹyìn, tí gbogbo òkú jáde láti abẹ́ ilé, Lionel gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, ó gbé e sókè bí apata, ó sì rìn wọ àárín wọn. Nǹkan bíi lítà 300 ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá ni wọ́n sọ pé ó tú jáde níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ débi pé ìríra kúrò lára rẹ̀, àfi bí ìgbà táwọn ọmọdé bá ń fi ẹrẹ̀ ṣeré nínú òjò. Àlùfáà kan tún wà tó jáde sí itẹ́ òkú lóru láti fi ẹ̀ṣẹ́ bá wọn jà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà tẹ́ ẹ máa wò. Ní Amẹ́ríkà, Dead Alive ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ní ẹ̀dà kan tí wọ́n gé kù sí ìṣẹ́jú 85. Iṣẹ́ ìkà ni ìgékù yẹn, torí ohun tí wọ́n yọ ni ohun tá a tìtorí rẹ̀ wá. Èyí tí wọn ò gé ní Amẹ́ríkà jẹ́ ìṣẹ́jú 97, ti New Zealand sì jẹ́ 104. Bí ẹ bá rí 85, ẹ fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá òmíràn.

Re-Animator (1985)

Ilé eré orí ìtàgé ni Stuart Gordon, tó darí fíìmù yìí, ti wá, ní Chicago, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Nǹkan bíi 900,000 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, inú ìtàn tí H. P. Lovecraft kọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n sì ti mú un. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan, Herbert West, ti ṣe oògùn aláwọ̀ ewé tó ń tàn yòò, tó ń jí òkú. Òkú ń jí lóòótọ́, àmọ́ kì í jí dáadáa.

Agbára fíìmù yìí ni pé kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Jeffrey Combs tó ṣe West ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣẹ́jú, kì í fara mọ́ ẹnikẹ́ni, ọkàn rẹ̀ ò sì sí níbòmíràn àfi nínú ìmọ̀. Ọ̀gá kan nílé ìwé náà pàdánù orí rẹ̀, síbẹ̀ ó ń gbé orí ara rẹ̀ kiri nínú àwo bí ẹni gbé ọbẹ̀ lọ fún àlejò. Bí ojú wọn ṣe le koko tó ni ikùn wa ṣe ń gbọ̀n tó. Ní ti eré ṣíṣe, kò sí èyí tó tó o nínú àwọn márààrún.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò ní fi bò. Ibì kan wà lápá ìparí tí wọ́n ti de ọmọbìnrin kan mọ́lẹ̀ ní ìhòòhò, tí orí òkú náà sì ń fìyà ìṣekúṣe jẹ ẹ́. Àwọn kan gbà pé ẹ̀fẹ̀ ni. Èmi ò rí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀, mo sì máa ń fò ó kọjá. Kò yẹ fún ilé tí ọmọ wà, mi ò sì ní fi í ṣe fíìmù àkọ́kọ́ fún obìnrin kankan láìsọ fún un ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ̀dà onísẹ́jú 86 ni kẹ́ ẹ wá. Nínú èyí tó gùn jù ú lọ, wọ́n gé ẹ̀jẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ sísọ dí àlàfo rẹ̀.

One Cut of the Dead (2017)

Shinichiro Ueda ló darí èyí ní Japan, fún ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ fíìmù tó ń jẹ́ ENBU Seminar. Mílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì 3 ni gbogbo owó rẹ̀, nǹkan bíi 25,000 dọ́là. Òṣèré tí kò lórúkọ ni gbogbo wọn, ọjọ́ mẹ́jọ sì ni wọ́n fi yà á. Nígbà tó jáde ní Tokyo ní 2018, sinimá kékeré méjì ló gbà á. Ẹnu àwọn òǹwòran ló gbé e kiri títí ó fi dé sinimá tó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, owó tó sì pa ní Japan lé ní bílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì 3. Ẹ fi 3 àkọ́kọ́ wé èkejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka iye náà kó tó dá mi lójú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: àwọn kan ń ya fíìmù òkú tó ń rìn nínú ilé iṣẹ́ omi àtijọ́ kan tó ti di ahoro, òkú gidi bá yọ sí wọn. Ìṣẹ́jú 37 ni kámẹ́rà fi ń lọ láìdúró, láìgé. Nínú ìṣẹ́jú 37 yìí, ẹ máa rí ohun tó jọ àṣìṣe. Òṣèré kan á dákẹ́ níbi tó yẹ kó sọ̀rọ̀, kámẹ́rà á ṣubú sílẹ̀, ẹnì kan á jáde lọ láìnídìí. Ẹ lè máa wò mí pé irú ìranù wo ni mo ní kẹ́ ẹ wò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á. Ẹ má wá ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ti wò ó bá yín sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tó dà bí àṣìṣe yẹn ni wọ́n máa san padà fún yín lẹ́yìn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú èlé.

Àbúrò mi obìnrin kì í lè dúró wo ẹran Iléyá tí wọ́n ń dú. Ó wo èyí dé òpin, ó sì ń nu omijé, torí ìtàn bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà, àmọ́ nínú àwọn márààrún, òun ló kéré jù. Èdè Japanese ni wọ́n ń sọ, nítorí náà ẹ ní láti ka ìtumọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀. Ẹni tó ń wo fíìmù níbi tó ti ń dáná kò ní rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Yálà kẹ́ ẹ jókòó tì í tàbí kẹ́ ẹ dúró de ọjọ́ tí àyè bá yọ.

Méjì tí kò sí nínú ìdíje yìí

Hausu tí Nobuhiko Obayashi ṣe ní 1977 ò kúkú jẹ́ fíìmù aláìlówó pátápátá, torí Toho, ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá kan ní Japan, ló gbé e jáde. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ti gba èrò: ó bi ọmọ náà léèrè ohun tó máa ń bà á lẹ́rù. Ìdí nìyẹn tí dùùrù fi ń jẹ èèyàn nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tẹ́ ẹ bá ti wo mẹ́ta nínú àwọn tòkè yìí.

Ti ilé wa wà pẹ̀lú. Ní 2014, C.J. Obasi ṣe Ojuju láìní owó kan tó ṣeé tọ́ka sí. Omi ẹlẹ́gbin ló sọ àwọn ará àdúgbò kan ní Èkó di òkú tó ń rìn, Gabriel Afolayan ló sì ṣe olórí òṣèré. Romero ni orúkọ tí ó ń jẹ́ nínú eré, wọ́n fi yẹ́ George Romero sí, ẹni tó ṣe fíìmù òkú tó ń rìn nítòsí Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, ní 1968, tó sì fi omi ṣokoléètì ṣe ẹ̀jẹ̀ torí pé dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀. Ojuju gba àmì ẹ̀yẹ fíìmù Nàìjíríà tó dáa jù ní AFRIFF, àjọ̀dún fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, ní 2014. Mi ò fi í sínú ìdíje nítorí ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀rín lọ, àmọ́ ó dùn mọ́ mi nínú pé a ti fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà yìí.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ẹ ò bá tíì wo irú rẹ̀ rí, tí ẹ̀jẹ̀ sì máa ń da inú yín rú, One Cut of the Dead ni. Ó tún dáa fún tọkọtaya, àti fún ẹni tó fẹ́ fi fíìmù han àwọn òbí rẹ̀ tó ti dàgbà, tí wọ́n bá lè ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀.

Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ń bọ̀ nílé yín lálẹ́ Sátidé, tí àwọn kan nínú wọn kì í jókòó jẹ́ẹ́, Evil Dead II ni kẹ́ ẹ tàn. Ẹni tó bá jáde lọ ra mínírà, tó padà wọlé, ò ní sọnù nínú ìtàn náà.

Ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe fíìmù kó wo Bad Taste, kó sì máa dá a dúró kó lè yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe ṣe nǹkan kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ràn eré tí òṣèré ti mọ iṣẹ́, tó ti dàgbà, tó sì ti gbọ́ ìkìlọ̀ mi, kó mú Re-Animator.

Braindead wà fún ẹni tó ti wo ọ̀kan tàbí méjì, tó wá ń béèrè pé ibo ni àṣejù lè dé. Kó pe àwọn èèyàn rẹ̀ jọ, torí pé ẹni tó bá dá a wò á pàdánù ìdajì adùn rẹ̀. Kí gbogbo wọn sì jẹun tán pátápátá kó tó tàn án: ní ibì kan nínú rẹ̀, ìyá Lionel jókòó pẹ̀lú àlejò nídìí tábìlì, etí rẹ̀ já sínú kọ́sítáàdì, ó sì bù ú jẹ.